Àǹtí Kúbúrá Lọ Sinmi

Iṣẹ́ kéèyàn máa báni ṣètò ìrìn-àjò ló wu Munirah, àmọ́ kó tó gba ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun á kọ́kọ́ fi ẹnì kan dán ara òun wò. Ẹni tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni Àǹtí Kúbúrá, àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, tí kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi.

Munirah gba yàrá fún un ní òtẹ́ẹ̀lì kan tó kọjú sí ọ̀sà n'Íkòròdú.

"Àǹtí, ẹ ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kankan o. Ẹ jẹun, ẹ sùn, ẹ máa wo omi."

"Mo gbọ́, ọmọ mi."

Nígbà tí Munirah dé lọ́jọ́ kejì, yàrá ṣófo. Ó wá a títí, kó tó bá a ní Èbúté Ìkòròdú láàárín àwọn ẹlẹ́ja, tó káṣọ sókè, tó ń bá wọn tajà, tó ń jágbe mọ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi kan pé ẹja tó kó wá ti ń jẹrà.

Inú bí Munirah gidi. Bí òun ò bá lè mú àǹtí òun sinmi, ta lòun fẹ́ mú rìnrìn-àjò? Iṣẹ́ yìí ò yẹ òun rárá!

"Àǹtí, ṣé ìsinmi nìyí?"

"Ẹnu ìsinmi ni mo wà yìí! Ẹja ẹlẹ́ja ni mò ń bá wọn tà. Ó tà o, kò tà o, kò kàn mí." Àǹtí Kúbúrá rẹ́rìn-ín, ó nuwọ́. "Iṣẹ́ ìrìn-àjò yìí mà yẹ ọ́ o. Irú ẹja wo ni wọ́n ń tà ní Dùbáì?"