Àga Sol-ah Níbi Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́

Ọjọ́ Sátidé ni a fi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí, àbúrò mi Sol-ah ló sì fúnra rẹ̀ mú ọjọ́ náà. Ó ń lọ ta póká, eré káàdì olówó, ní Taipei lọ́sẹ̀ yẹn.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń lé mi dànù nínú ìdíje yẹn. Tó bá fi máa di Fúráìdé, mo ti wà nílé, mo ti ń fọ irun mi.”

Kò parọ́. Ọdún méjì ló ti ń bá ìdíje kiri, Manila, Hanoi, Taipei, látìgbà tó ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ nílé ìtọ́jú eyín. Orúkọ rẹ̀ ti ń ràn lẹ́nu àwọn ọmọ Korea tó ń ta póká, ṣùgbọ́n kò tíì dé tábìlì ìkẹyìn rí, níbi tí ìwọ̀nba èèyàn tó kù ti ń du ipò kìíní. Gyu-won, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ló kọ́ ọ, nínú ilé ọtí kékeré kan ní Jeonju níbí. Gyu-won náà ti fi ọdún mẹ́ta lé ìdíje kiri. Kò já mọ́ nǹkan kan, ló bá padà sí ilé-iṣẹ́ bébà bàbá rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ni Sol-ah pè mí. Ẹkún àti ẹ̀rín ló pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Àǹtí, a ku mẹ́jọ! Mo wọ tábìlì ìkẹyìn! Ọ̀la la máa parí ẹ̀.”

“Ọ̀la kẹ̀? Sol-ah, ṣé o mọ ohun tó wà lọ́la?”

“Mo mọ̀. Gyu-won ní kí n jókòó, kí n ta á. Ó lóun á bá àwọn òbí òun sọ ọ́.”

Ìyá wa ká ọwọ́ lérí. “Ìyàwó tí kò ní yọjú síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ara ẹ̀! Kí la fẹ́ wí? Ká ní inú ń run ún?” A fẹnu kò pé iṣẹ́ ló gbé e rìnrìn àjò.

Lọ́jọ́ kejì, àga mẹ́fà ni wọ́n tò sí wa nílé oúnjẹ, àwa márùn-ún la jókòó. Ìyá Gyu-won ń fara balẹ̀ yọ eegun ẹja. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Irú iṣẹ́ wo lọmọ yín ń ṣe, tí wọn ò jẹ́ kó sinmi lónìí?”

Ìyá mi la ẹnu, ṣùgbọ́n Gyu-won ti gba ọ̀rọ̀ náà. “Póká ló ń ta, Mọ́mì. Nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn, ó wà lára mẹ́jọ tó kù. Èmi ni mo kọ́ ọ.”

Bàbá rẹ̀ sọ igi méjì tó fi ń jẹun kalẹ̀. “Káàdì? Káàdì tí ìwọ fi ọdún mẹ́ta ṣòfò lé lórí?”

“Òun náà ni, Dádì. Ṣùgbọ́n òun mọ̀ ọ́n ta.”

Ìyá rẹ̀ yíjú sí ìyá mi, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ẹ má bínú, mi ò bú ọmọ yín o. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọ tèmi bá dùbúlẹ̀ àìsàn ńkọ́? Ṣé ó máa wà nílé?”

Ìyá mi tẹjú mọ́ àwo rẹ̀. Ó bu ọbẹ̀ sí i.

Nígbà tí a jáde, mo bá Gyu-won nínú mọ́tò rẹ̀, ó ń wo eré náà lórí fóònù. Mo jókòó tì í. Ó ku èèyàn mẹ́ta. Káàdì ọba méjì wà lọ́wọ́ Sol-ah, káàdì tí ẹlòmíràn á torí ẹ̀ jó. Bàbá ará Japan kan ti gbogbo ohun tó ní sí àárín tábìlì. Sol-ah wo ojú ọkùnrin náà pẹ́, ó sì dojú káàdì rẹ̀ bolẹ̀, ó ní òun ò ta ìyẹn. Wọ́n fi ti bàbá yẹn hàn wá: káàdì rẹ̀ ju ti Sol-ah lọ.

“Àǹtí, mi ò lè fi ọba méjì sílẹ̀ láéláé,” ni Gyu-won wí. Omi ti dà lójú rẹ̀. “Èmi ò tiẹ̀ lè kọ́ ọ ní ohun tó ṣe yẹn.” Ó pa fóònù. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan nípa tòní fún un títí tó fi máa parí.”

Sol-ah ṣe ipò kejì. Lọ́jọ́ Ajé, àwa méjèèjì la lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ó sáré bọ̀, ó fẹ́ dì mọ́ Gyu-won. Gyu-won di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó dé àyà òun.

“Ṣé àwọn Mọ́mì ló kọ̀ mí? Mo máa lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Lónìí yìí.”

“Kì í ṣe àwọn. Wọ́n á gbà tó bá yá.” Kò lè wò ó lójú. “Èmi ni. Bí o ṣe ń borí, inú mi ò dùn. Mo gbàdúrà kí ó dùn mọ́ mi nínú, kò dùn. Nígbà tí o gba ipò kejì, ara tù mí pé kì í ṣe ipò kìíní.”

Sol-ah fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Gyu-won. Lẹ́yìn náà ló wá bi í, jẹ́jẹ́ bí ọmọdé: “Bó bá jẹ́ ìwọ lo dé tábìlì yẹn, ṣé mo lè fi ọ́ sílẹ̀?”

“Rárá. Ohun tó ń tì mí lójú nìyẹn.”

Gyu-won gbé àpótí Sol-ah dé ẹnu bọ́ọ̀sì Jeonju, ó kí mi, ó sì yí padà. Sol-ah ò sunkún títí a fi jókòó. Ìgbà tí awakọ̀ ní kí gbogbo wa de bẹ́líìtì ló bú sẹ́kún, ọwọ́ rẹ̀ ò rí ibi tí bẹ́líìtì wọ̀. Mo bá a dè é.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Hanoi. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé ìràwọ̀ tuntun ni. Ìyá wa gé ìròyìn náà, ó fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, kò sì fi han ẹnikẹ́ni.