Fèrè Ọrùn Ardith

Láàárọ̀ Sátidé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà Òkè Corrigan tán, àwa mẹ́fà kó kẹ̀kẹ́ wa jọ sídìí ọ̀pá irin tí wọ́n fi dí ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lọ́dún ni ọ̀nà yẹn máa ń jẹ́ ti àwa oníkẹ̀kẹ́ nìkan, kí wọ́n tó ṣí i fún ọkọ̀. A kì í jẹ́ kó kọjá wa.

Láti ọdún mọ́kàndínlógún, Ardith Sundvall ló ń ṣáájú wa. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ọkọ̀ ọmọ iléèwé ló sì ń wà títí tó fi fẹ̀yìn tì. Fèrè irin kékeré kan máa ń wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tí fèrè bá wà lọ́rùn rẹ̀ ló ń pàṣẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, àti ìgbà náà ni Delmar Kroeger, tó máa ń kan òrùlé, ti ń sọ kiri pé ó yẹ kí fèrè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Delmar wí, "ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Ẹ wọ ọkọ̀, kẹ́ ẹ gba ìsàlẹ̀ yí ká, ká wá bá yín lódìkejì."

Ardith wò ó látòkè délẹ̀. "Jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn báyìí, ṣé o fẹ́ sùn sínú rẹ̀ ni?"

"Òtútù ń mú."

"Òtútù kò tíì mú ẹ. Orí òkè ló ń gbé." Ó di okùn akoto rẹ̀. "Gbọ́ o. Bí ẹsẹ̀ mi bá kanlẹ̀ kí n tó débẹ̀, màá bọ́ fèrè yìí fún ẹ. Bí kò bá kanlẹ̀, o ò gbọdọ̀ dárúkọ ìbàdí mi mọ́ láyé ẹ."

"Mo gbà."

Delmar ṣáájú, ó sì sá lọ. Kò pẹ́ tí a ò fi rí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Tomás àti àwọn méjì yòókù tẹ̀ lé e. Èmi, Joleen, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ọdún kejì láàárín wọn, wà lẹ́yìn Ardith.

Yìnyín ga ju orí wa lọ lọ́tùn-ún lósì. Ardith kò gbójú sókè. Ìwọ̀n ilẹ̀ tó wà níwájú táyà rẹ̀ nìkan ló ń wò. Kó tó di pé òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó ti ṣí àyà ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ tó nípọn sínú àpò ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ṣé òtútù ò mú yín ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó ń mú mi. Mo ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ báyìí, kí n má baà jẹ gbogbo rẹ̀ lókè."

Wákàtí méjì lé díẹ̀ la fi gun òkè báyẹn. Nígbà tó ku kọ́nà mẹ́ta, mo rí i tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dúró lójijì. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì balẹ̀. Kò ju kéèyàn mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Ó tún gbé e padà, ó ń wà á lọ.

Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan."

"O rí i," ló dá mi lóhùn. "Má fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ọdún."

Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ títí ẹni ìkẹyìn yóò fi dé orí òkè. Delmar ló kọ́kọ́ dé, nítorí náà òun ló dúró pẹ́ jù nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí a dé, orí yìnyín ló jókòó sí, ètè rẹ̀ funfun, òógùn ti rin jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gbingbin. Tomás ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀.

Ardith sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó bọ́ fèrè lọ́rùn, ó nà án sí i. "Ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀. Gbà."

Delmar nawọ́. Ìka rẹ̀ kọ̀, kò ká. Fèrè bọ́ sínú yìnyín.

Ardith kò wo fèrè. Ọwọ́ ọkùnrin náà ló ń wò. "Ẹ̀wù gbígbẹ ẹ dà?"

"Mi ò mú un wá."

"Bọ́ra."

"Níbí?"

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọmọ iléèwé. Kí lo ní tí mi ò rí rí?"

"Ẹ jẹ́ ká yíjú, ẹ̀yin ará," ni Tomás wí. "Èyí tí mo rí ní odò lọ́dún tó kọjá ṣì ń dà mí láàmú."

Ẹ̀wù gbígbẹ tirẹ̀ ni Ardith wọ̀ fún Delmar, kò kọjá ìdodo rẹ̀. Ó fa ìwé ìròyìn yọ nínú àpò rẹ̀, ó ká a sí i láyà àti lẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé, ó fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn, tó ṣì gbẹ dáadáa, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Èyí tó fẹ́lẹ́ ló kù fún òun. Lẹ́yìn náà ló he fèrè.

"Màá yá a lò títí a ó fi délẹ̀."

Bó ṣe kó wa sọ̀kalẹ̀ nìyẹn. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, yóò fọn fèrè, a ó dúró, a ó ti ọwọ́ bọ abíyá, a ó ka ení dé ọgọ́rùn-ún, ká tó tún tẹ̀ síwájú. Kọ́nà mọ́kànlá. Ó fi Delmar sáàárín, ó sì ní kó máa dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sókè, kóun lè mọ̀ pé ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ní kọ́nà karùn-ún, omi bọ́ lójú Delmar nítorí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń padà sí ìka rẹ̀.

"Ó ń dùn mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá dùn ẹ́ ló yẹ kó o bẹ̀rù."

Kò sẹ́ni tó ṣubú nínú wa.

Nílé oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ òkè, a bu ọbẹ̀ ẹ̀wà gbígbóná. Ardith bọ́ fèrè, ó gbé e síwájú Delmar. "Ohun tí mo yá nìyí."

Delmar wò ó títí. Ìwé ìròyìn ṣì ń dún láyà rẹ̀ bó ṣe ń mí.

"Ta ló rí ẹsẹ̀ yín?"

"Joleen."

"Ṣé Joleen ì bá sọ ni?"

Mo gbójú sínú àwo mi.

"Èmi náà rí i," ni Ardith wí.

Delmar fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti fèrè padà títí tó fi kan àwo ọbẹ̀ obìnrin náà. Ardith kò fọwọ́ kàn án. Ó lá ọbẹ̀ rẹ̀ tán ná, ó fi búrẹ́dì nu àwo, kó tó wá gbé okùn náà kọ́rùn.

"Sátidé tó ń bọ̀, aago méje. Ẹni tí kò bá mú ẹ̀wù gbígbẹ dání, ilé ló ń padà sí."

"Ìwé ìròyìn mélòó?" ni Delmar bi í.

"Méjì. Ọ̀kan fún ìwọ, ọ̀kan fún ẹni tó bá gbàgbé tirẹ̀."