Ẹni Tó Jókòó Ti Iṣu Náà

Láti ọdún tí a gba òmìnira ni Olúmúyìwá ti fi orúkọ ara rẹ̀ rọ́pò orúkọ Hàkíìmù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn fọ́tò iṣu ńlá kan, láti ọdún náà sì ni Hàkíìmù kò ti fi omi ilé rẹ̀ kan ẹnu. Ní báyìí tí ìpínlẹ̀ Èkìtì ti di ọmọ ọdún méjì, ó jókòó sí pálọ̀ Olúmúyìwá ní Ìkẹ́rẹ́, ó ká apá mọ́ àyà, kò sì wo mínírà tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

Fọ́tò yẹn náà ló gbé òun àti Àmínátù ìyàwó rẹ̀ wá. Bọ́sẹ̀dé, ọmọ Olúmúyìwá, ń ṣe kàlẹ́ńdà ìdílé. Ó ti kó fọ́tò àtijọ́ jọ, ó fẹ́ kọ orúkọ sábẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, ọ̀la ló sì ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé ní Adó. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, gbogbo ilé ni yóò gbé e kọ́ ògiri. Àwọn ọmọ-ọmọ Hàkíìmù yóò máa rí orúkọ ẹlòmíì lára iṣu bàbá wọn.

“Uṣu mi ni,” Hàkíìmù sọ. “Èmi ni mo gbìn ín, èmi ni mo wà á, èmi ni mo jókòó tì í lọ́jọ́ tó gba ipò kìíní nínú ìdíje àgbẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n, ohun tó wà lẹ́yìn fọ́tò là ń wò,” Olúmúyìwá dáhùn. “Olúmúyìwá ni wọ́n kọ síbẹ̀.”

“Ta ló kọ ọ́?”

“Èmi náà ni mo mọ̀wé jù nígbà yẹn.”

“Lóòótọ́, mo fi sùkúù sílẹ̀ ní puráímárì. Ṣùgbọ́n n kò fi ojú mi sílẹ̀ síbẹ̀!”

Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín, ó gbé fọ́tò náà lọ sí ojú fèrèsé. Òjò ti jẹ ojú ẹni tó jókòó ti iṣu, kò ṣeé dá mọ̀ mọ́.

“Obìnrin tó di fìlà mú lẹ́yìn rẹ̀ yìí ńkọ́?”

“Èmi rèé,” Àmínátù sọ. “Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà.”

“Ó parí!” Bọ́sẹ̀dé sọ. “Fìlà ọkọ rẹ̀ ni ìyàwó tuntun yóò dì mú.”

“Ọkọ wo?” Olúmúyìwá ta kò ó. “Ṣebí gbogbo ọkùnrin ilé wa ni ọkọ rẹ̀. Àbí o kò gbọ́ bó ṣe ń pè mí?”

“Òótọ́ ni, Jẹ́jẹ́ ọkọ mi,” Àmínátù dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Inú ilé ló bá Olúmúyìwá nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó, kò lè pe orúkọ rẹ̀, ló bá fún un ní Jẹ́jẹ́. “Bí ẹ bá gbé fìlà fún mi, màá bá yín dì í mú.”

Hàkíìmù yíjú sí i. “Ìwọ obìnrin yìí, ẹ̀yìn ta lo wà?”

“Òótọ́ ni mo ń sọ.”

Bọ́sẹ̀dé mú bírò. Ọmọ náà fẹ́ da ohun tó wà lẹ́yìn fọ́tò kọ bó ṣe wà, ló bá tún dúró.

“Ẹnì kan ló kù tí kò lórúkọ. Ẹni tó dá dúró nídìí igi yìí. Gbogbo wọn ń wo iṣu, òun ló kẹ̀yìn sí i.”

“Àlejò ni,” Olúmúyìwá yára sọ.

“Àlejò wo ló ń bínú sí iṣu oníṣu?” Àmínátù gba fọ́tò náà. Ó wò ó, ó pàtẹ́wọ́. “Yéè! Ẹ wo bó ṣe yọ ẹnu síta!”

Bọ́sẹ̀dé wo fọ́tò, ó wo bàbá rẹ̀ tí òun náà ti yọ ẹnu síta níbi tó jókòó sí.

“Dádì! Bí Mọ́mì bá bu ẹran kékeré fún yín, báyìí gan-an lẹ máa ń ṣe ẹnu!”

Àmínátù fìdí jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Hàkíìmù kò fẹ́ rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí. Ó há ẹ̀rín mọ́ ẹnu, ẹ̀rín náà gba imú jáde.

Olúmúyìwá fa ẹnu rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó gba fọ́tò náà, ó wò ó títí, ó sì bọ́ dígí ojú rẹ̀.

“Kọ ọ́ sílẹ̀, Bọ́sẹ̀dé. Èmi ni mo dúró nídìí igi. Lọ́dún yẹn, iṣu tèmi kò tó apá ọmọdé, inú sì bí mi.” Ó kọjú sí Hàkíìmù. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ jókòó ti iṣu náà. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ orúkọ mi síbẹ̀.”