Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Ní Àléébù

Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wá ní ṣọ́ọ̀bù ẹ́ńjìnnì, ẹnì kan kì í sì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ẹnì kejì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé-iṣẹ́ wa láti ayé àwọn tó dá a sílẹ̀ nìyẹn: tí wọ́n bá ti kó irin kalẹ̀ níwájú rẹ, ìwọ nìkan ni wàá tò ó, láti nọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ títí dé èyí tó gbẹ̀yìn. Mọ́tò eré sísá la ń ṣe, irú èyí tí ẹni tó rà á á máa nù bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Ká má parọ́, owó oṣù mi ò lè ra táyà iwájú ẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ là ń pè ní Bàbá Rọ́ra. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe tí wọn ò ní kọ́kọ́ sọ pé, "Rọ́ra." Wọ́n á fi aṣọ funfun nu ọwọ́ kí wọ́n tó mú sípánà, wọ́n á tún nù ún tí wọ́n bá gbé e sílẹ̀. Gbogbo nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá dè, orí ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá tò, o lè gbé ife omi lé e lórí nígbà tó ń ṣiṣẹ́, omi náà ò ní mì.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Elétí, torí pé mo lè dúró lẹ́nu géètì kí n sọ ẹni tó to ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń yí nínú lọ́hùn-ún. Tèmi gan-an ò ṣòro mọ̀. Nínú àwọn fáàfù, ìdérí kéékèèké tó ń ṣí tó sì ń pa nínú ẹ́ńjìnnì, mo máa ń jẹ́ kí àlàfo ìkẹrin fẹ̀ ju tàwọn tó kù lọ, bíńtín, bí ìbú irun orí. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á máa ṣe tẹ́-tẹ́-tẹ́ níbẹ̀. Tó bá gbóná tán, tẹ́-tẹ́ náà á wọlé, a ò ní gbọ́ ọ mọ́, ẹ́ńjìnnì á wá bú bíi pé ẹnì kan gbá a létí.

"Àléébù lò ń fi sínú iṣẹ́," ni Bàbá Rọ́ra wí lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ó máa ń sáré dáadáa bẹ́ẹ̀."

"Olè náà máa ń sáré dáadáa."

Wọ́n fi mí sílẹ̀, àmọ́ títí a fi tú ká, wọn ò gbà fún mi.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́dọ̀ àwọn tó ń wọ táì. Èmi ni mo mú un wọ ilé-iṣẹ́ náà. Ìwé tó kà ló gbé e gòkè. Nígbà tó yá, wọ́n fi í ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń wo ibi tí ilé-iṣẹ́ máa kọjú sí. Àwọn ìjọba kiri ayé ti ń sọ pé tó bá yá, àwọn ò ní gba mọ́tò elépo láàyè mọ́. Àwọn ọmọ olówó náà ti ń béèrè oníbátìrì. Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ ṣe ò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ẹ́ńjìnnì pa, kí gbogbo mọ́tò wa di oníbátìrì.

Bàbá Rọ́ra gòkè lọ bá wọn, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn. Yàrá náà tutù. Tábìlì gígùn kan tó ń dán wà níbẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wá láti gbé ọwọ́ lé e.

Bàbá Rọ́ra ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, mọ́tò tí kò lóhùn, fìríìjì ni. Ta ló máa kó owó ilé sílẹ̀ kó fi ra fìríìjì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà nìkan ni kò rín. Ó ní, "Bàbá, tí a bá wá fún oníbátìrì lóhùn ńkọ́?"

"Ohùn àyálò? Àwọn ọmọ mi nísàlẹ̀ á dá a mọ̀ lójú oorun."

"Ó dáa. Ẹ mú ẹnì kan wá. A ó di aṣọ mọ́ ọn lójú, a ó gbé e sínú mọ́tò méjì, elépo kan, oníbátìrì kan. Tó bá dá elépo mọ̀, ṣọ́ọ̀bù yín wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá sí i. Tí kò bá dá a mọ̀, kò sí àròyé mọ́."

"Elétí ni," ni Bàbá Rọ́ra wí. Wọn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn wò mí. Wọ́n gbé ọwọ́ wọn méjèèjì lé tábìlì náà.

Àbúrò mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò gbójú sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló jáde sí ẹ̀gbẹ́ pápá tí a ti ń dán mọ́tò wò. Aláwàdà, ẹni tí tábìlì iṣẹ́ ẹ̀ kángun sí tèmi, ló di aṣọ dúdú mọ́ mi lójú.

"Elétí, tí o bá ṣì í, ìyá ìyàwó mi ń kó bọ̀ sílé ẹ lónìí."

"Ṣé wọ́n máa ń hanrun?"

"Hanrun kẹ̀! Wàá ra òrùlé tuntun."

Ẹ̀rín là ń rín. Ẹ wo bí ọkàn wa ṣe balẹ̀ tó. Ìgbìmọ̀ ti fi epo díẹ̀ pa abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò méjèèjì kí òórùn má bàa tú àṣírí, Bàbá Rọ́ra sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní ẹni tó bá nílò imú, kó lọ máa ta òórùn dídùn.

Wọ́n gbé mi wọ mọ́tò àkọ́kọ́, awakọ̀ ṣíná sí i. *Tẹ́-tẹ́-tẹ́.*

Ara mi bù máṣọ. Fáàfù kẹrin. Awakọ̀ fún un níná, síìtì ń gbọ̀n lábẹ́ mi, jíà ń wọlé pẹ̀lú gbì kan tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ ikọ́ ìyàwó mi. Nígbà tí a yí pápá po lẹ́ẹ̀kejì, tẹ́-tẹ́ náà wọlé bó ṣe máa ń wọlé, mọ́tò bú, omi sì bọ́ lójú mi sínú aṣọ dúdú náà. Ọwọ́ ara mi ni mo ń gbọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún awakọ̀ pé kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu lórí ìkejì.

Ìkejì lọ bí òróró. Kò kọsẹ̀, kò kùn, jíà ń yí, mi ò mọ ìgbà tó ń yí. Mo ń wá ibi tí ọwọ́ ọmọ èèyàn ti kan án, mi ò rí. Mo sọ nínú ara mi pé ẹran ara kọ́ ló ṣe èyí.

Nígbà tí a dúró, mi ò tiẹ̀ tíì tú aṣọ ojú mi tí mo fi kígbe pé, "Èkíní ni elépo!"

"Ó dá ọ lójú?" Ọ̀gá àgbà ló ń bi mí.

"Ọwọ́ mi ló to ẹ́ńjìnnì ẹ̀. Ìkejì yẹn, fìríìjì ni."

Mo ń retí ariwo. Ohùn bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ṣí ni mo gbọ́. Mo já aṣọ náà kúrò lójú. Wọ́n ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò àkọ́kọ́: sípíkà méjì ló wà níbẹ̀, àpótí dúdú kan tó ń darí ohùn àti ìgbọ̀nrìrì mọ́tò, àti wáyà. Wọ́n ṣí ti ìkejì. Ẹ́ńjìnnì jókòó síbẹ̀, gbogbo nọ́ọ̀tì orí ẹ̀ kọjú síbì kan náà.

Bàbá Rọ́ra wò ó. Wọ́n wò mí.

"Fìríìjì," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́.

Aláwàdà gbìyànjú. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe ìbínú. Ikú odò ní í pa òmùwẹ̀."

"Òmùwẹ̀ ò kú," ni Bàbá Rọ́ra dá a lóhùn. "Ó ti gúnlẹ̀. Àwa tó pọ̀n sẹ́yìn ló rì." Wọ́n yọ aṣọ funfun wọn lápò, wọ́n nu ọwọ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan láti àárọ̀.

Mo ká àbúrò mi mọ́ abẹ́ àtẹ̀gùn.

"Ìwọ lo fi ẹ́ńjìnnì mi sínú àpótí yẹn?"

"Bùrọ̀dá, ẹ fara balẹ̀. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo gbé agbohùnsílẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù?"

"O ní torí kí ohùn wa má bàa parun ni!"

"Ó ha parun bí? Gbogbo yín ni mo gbà sílẹ̀. Tiyín nìkan ló ní ẹ̀mí. Ti Bàbá Rọ́ra, tí èèyàn bá gbà á sílẹ̀, kò sí ohun tó máa gbọ́." Ó fọwọ́ tọ́ táì rẹ̀. "Ẹ kúkú sọ òótọ́ ni, Bùrọ̀dá. Ẹ́ńjìnnì yín lẹ gbọ́. Kò sẹ́ni tó lè ní ẹ ṣì í."

Mi ò lù ú. Ó ṣì ń dùn mí pé mi ò lù ú.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fún wa. Ẹni kọ̀ọ̀kan kó sípánà ẹ̀ sínú báàgì, wọ́n yọ àwọn tábìlì, ihò bóòtù wọn sì kù sórí ilẹ̀. Ibi tí mo wà báyìí jìnnà síbẹ̀, orúkọ òpópónà ibẹ̀ ti ń bọ́ lórí mi, àmọ́ mo ṣì ń gbóòórùn ọṣẹ líle tí a fi ń fọ ọwọ́ nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó fọ ọwọ́ nítòsí mi. Wọ́n dúró dìgbà tí mo ṣe tán.

Kí oṣù tí a kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tó parí, àbúrò mi wá sílé. Ìgbìmọ̀ ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn sípíkà ní ọ̀rọ̀ sísọ, mọ́tò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn tiẹ̀.

"Bàbá Rọ́ra ńkọ́?" ni mo bi í.

"Kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ sípíkà? Kó dákẹ́?"

Mo gbà á. Ọmọ mi mẹ́ta ló wà nílé ìwé. Ohun tí gbogbo ọ̀dàlẹ̀ máa ń wí nìyẹn, òótọ́ sì ni.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀, mo lọ sílé Bàbá Rọ́ra, àjà kẹta nínú ilé alájà márùn-ún kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju ẹyọ kan lọ: pé iṣẹ́ wọn mọ́ ju ohun tí mo gbà pé èèyàn lè ṣe, ìdí nìyẹn tí mo fi pè é ní irọ́. Ìyàwó wọn ló ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi."

Ohùn dún láti pálọ̀: "Ta nìyẹn?"

"Elétí ni o," ni Ìyá dá wọn lóhùn.

Ohùn náà ní, "Sọ fún un pé mi ò sí nílé."

Ìyá wò mí. Ojú ń tì wọ́n ju èmi lọ. "Wọ́n ní àwọn ò sí nílé."

"Mo gbọ́, mà."

"Ṣé kò ní gbọ́ ni?" ni ohùn náà tún wí. "Kò tún sẹ́ni tó ń gbọ́ tó o."

"Tí wọ́n bá dé, ẹ bá mi kí wọn, mà."

Mo tún lọ nígbà méjì sí i kí n tó kúrò nílùú náà. Wọn ò sí nílé. Nígbà tó kẹ́yìn, Ìyá ò tiẹ̀ wẹ̀yìn bi wọ́n mọ́ kí wọ́n tó dá mi lóhùn.