Igi Tó Ń Rì

Fẹ́yìsetán da ẹ̀kúnwọ́ lẹ́búlẹ́bú igi jíjẹrà sínú abọ́ omi, ó dúró. Ó tún rì. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí.

Kẹ́míkà tí ó fi sè é yẹ kó pa òùngbẹ omi tó wà lára igi náà, kó máa léfòó, kó sì máa fa epo nìkan. Epo dísù ti jò sínú kànga ilé wọn ní Ìbá, ilé mẹ́rin ló sì ń pọn ọ́n. Ògúndìran, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ti búra pé bó bá di Jímọ̀, yanrìn ni òun yóò fi dí i.

"O ò kúkú fi igi ẹ dáná?" Abọ́lá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí, ń rẹ́rìn-ín. "Ohun tí ikán jẹ kù!"

"Fọ ìgò ẹ, jàre."

Ìgò kẹ́míkà kan péré ló kù. Omi sì ni ọ̀tá rẹ̀: bí igi bá tutù díẹ̀, kẹ́míkà náà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n igi ọ̀hún ti wà nínú oòrùn lẹ́yìnkùlé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nítorí kò sí iná tí wọn yóò fi gbẹ ẹ́ nínú ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó tètè dé. Ó bá Màmá Àmọ̀kẹ́, tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, tó ń wọ́n omi sórí igi náà.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Kí eruku má baà ta ni. Àràárọ̀ ni mò ń bá ẹ tọ́jú ẹ̀."

Ìgò kẹ́míkà mẹ́ta ti ṣòfò! Fẹ́yìsetán gbé ìbínú mì. Ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ ni. "Ẹ ṣeun mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi tọ́jú ẹ̀ mọ́."

Ó koná èédú, ó yan igi náà bí ẹni yan gàrí títí ó fi gbẹ fúrúfúrú. Lẹ́yìn náà ló lo ìgò tó kù. Ní Ọjọ́bọ̀, ó dà á sínú abọ́. Ó léfòó. Abọ́lá gbé ìgò rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́.

Ní Jímọ̀, òkìtì yanrìn ti wà létí kànga. "Ìwé ló fẹ́ fi gbọ́n epo," ni Ògúndìran wí. Fẹ́yìsetán rọ igi sínú àpò àwọ̀n, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga, ó fà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Àpò náà dúdú kirikiri. Omi tí ó fà kẹ́yìn kò dán bí epo mọ́, kò sì rùn.

"Ẹ má tíì mu ún o, Bàbá. Ẹ fi fọṣọ ná, títí n ó fi yẹ̀ ẹ́ wò."

Ògúndìran gbóòórùn omi náà, ó wo òkìtì yanrìn. "Ta ni yóò wá kó eléyìí?"

Fẹ́yìsetán bu díẹ̀ nínú omi náà sínú ìgò. Ó ki àpò epo náà bọ inú ike, ó dé e kí ẹ̀kán kan má baà kán sílẹ̀, ó sì kọrí sí Ìyànà-Ìbá láti wọkọ̀ padà sí yàrá ìwádìí.