Mímirí Bí Alángbá

Kí ọ̀fìnkìn tó kọlu onígbàjámọ̀ tí wọ́n ń pè ní Rédíò, oníbàárà kì í ráàyè sọ̀rọ̀ lórí àga rẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á.

Ibà dá a dùbúlẹ̀, imú ń ṣàn, ara ń gbọ̀n. Láàárọ̀ tí ara yá, ó fò dìde tayọ̀tayọ̀: àkùkọ ò kọ, ọkọ̀ ò dún. Òun nìkan ló lọ rí dókítà. Dókítà nawọ́ sí imú, ó nawọ́ sí etí, ó wá tẹ́ ọwọ́ òfìfo méjèèjì. Ọ̀rọ̀ yé Rédíò: kòkòrò àìfojúrí tó bá ọ̀fìnkìn wọlé ti kó etí lọ nígbà tó ń jáde.

Kò sọ fẹ́nì kan. Ta ni yóò na ọrùn fún adití tó mú abẹ dání? Ó panu mọ́, ó ń wo ẹnu oníbàárà nínú dígí, ó ń mirí bí alángbá. Ó rò pé ìsọ̀ á dá páropáro. Ńṣe ni oníbàárà tún ya lù ú.

"Rédíò ti dàgbà," ni wọ́n ń wí. "Sọ àṣírí fún un, kò ní jáde."

Òótọ́ ni. Kò tiẹ̀ wọlé.

Ilé ni mímirí ò ti tà. Àwọn ọmọ ti nílé tiwọn. Òun àti ìyàwó ló kù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó dé ìsọ̀, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá wọn, ọ̀rọ̀ mi ti sú yín, àbí?"

Ó mirí sí i nínú dígí.

"Ṣé kí n kúkú máa lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi?"

Rédíò rẹ́rìn-ín músẹ́, ó mirí lẹ́ẹ̀mejì. Oníbàárà orí àga wo ilẹ̀. Bí obìnrin náà ṣe ń yí padà ni Rédíò rí omi lójú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó délé. Ojú ń tì í, ó kẹ̀yìn sí yàrá.

"Ìyá wọn, etí mi ò gbọ́ràn mọ́, látìgbà ọ̀fìnkìn yẹn. Ohùn rẹ ni mo kọ́kọ́ wá tì. Gbogbo ayé ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi nìkan ni mo dá wà. Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Ó dúró de ọwọ́ léjìká. Ọwọ́ ò wá. Ó yíjú: aṣọ ìyàwó ò sí lórí ìkọ́ mọ́.

Adití kì í mọ̀gbà tó ń pariwo. Orí ti kún ojú fèrèsé. Àdúgbò gbọ́ tán, àfi ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹnu ń ṣí, wọ́n ń pa dé. Rédíò ò mirí sí ìkankan. Oníbàárà ọ̀sán nìkan ni kò la ẹnu. Ó nawọ́ sí ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó.

Rédíò bẹ́ sójú ọ̀nà láìwọ bàtà, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ bó ṣe ń sáré. Bó bá dáhùn, ojú ni yóò fi gbọ́ ọ. Nítorí náà, kò ṣẹ́jú.