Ta Ló Máa Jẹun?

"Ìdẹ̀ra, tẹlifíṣọ̀n tún ti ṣókùnkùn!"

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínyínká, ló ń pariwo lórí fóònù láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Oakville, nílùú òyìnbó. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò níbẹ̀ lọ́sàn-án Sunday yìí. Bí wọ́n bá tan tẹlifíṣọ̀n, àwòrán á jáde dáadáa. Tó bá ṣe díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tún kú. Ìyá arúgbó kan ti fi ọ̀pá lé ọ̀gá jáde ní pálọ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Mò ń wò ó."

"Wò ó kíá o! Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, tìẹ náà ti lọ nìyẹn."

Orí kọ̀ǹpútà nílé ni Ìdẹ̀ra ti ń bójú tó ẹ̀rọ Oakville. Nínú básímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé wọn ní Brampton, ó ń làágùn nígbà tí yìnyín ń bọ́ lóde. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ebi sì tún ń pa á, ló bá gòkè lọ sí kíṣìnnì. Ìkòkò ṣófo. Ìyá rẹ̀ jókòó, ó ká ẹsẹ̀ kò.

"Màmá, oúnjẹ dà?"

"Ṣé mo bi yín ni? Ìwọ lo ní kí n má bi yín mọ́, pé ariwo mi ń dójú tì ẹ́ tó o bá ń ṣe mítìn-ìn."

Òótọ́ ni. Lójoojúmọ́, Màmá á dúró lórí àtẹ̀gùn, á ké pé, "Ta ló máa jẹun?" Bí ẹnì kan bá ti dáhùn, àwọn yòókù kì í yanu mọ́, ohùn kan ti tó kí Màmá gbé ìkòkò gbogbo ilé kaná. Bí kò bá gbọ́ ohùn kankan, kò ní dáná.

"Mummy, I was waiting for you to ask!" Jọláolúwa, àbúrò Ìdẹ̀ra, ké láti orí àga.

"Kí n máa wá dáná fún ẹni tí ò sọ pé òun wà?" ni Màmá fèsì.

Ìdẹ̀ra dúró gbagidi. Ní Oakville, ẹ̀rọ kan wà tó máa ń bi àwọn tẹlifíṣọ̀n léraléra pé, "Ta ló ṣì ń wò?" Ẹ̀rọ tó ń pín àwòrán á gbọ́ ìdáhùn wọn, á máa pín in lọ. Bí kò bá gbọ́ nǹkan kan, á gbà pé wọ́n ti lọ, á sì dá àwòrán dúró. Ní Friday, Ìdẹ̀ra rí àwọn ìbéèrè náà, ó ní ariwo lásán ni, ó sì pa ẹ̀rọ tó ń bèèrè lẹ́nu mọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀, ó dá ìbéèrè náà padà. "Sà, ẹ tún un tàn," ló sọ sínú fóònù.

Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró mọ́. Àwọn arúgbó hó yèè.

"Kí ló ṣe é tẹ́lẹ̀?" ni ọ̀gá bèèrè.

Ìdẹ̀ra ìbá purọ́. "Èmi ni mo bà á jẹ́, sà."

Ìdẹ̀ra ò lè dúró de ìdájọ́. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bi wá!" ló ké sókè.

"Iyán ni o! Ta ló máa jẹun?"

"Èmi, mà!" Lọ́jọ́ náà, kò dúró de ẹnikẹ́ni kó tó dáhùn.

"Èmi náà, mà!" ni ọ̀gá ké nínú fóònù. "Ìdẹ̀ra, mò ń bọ̀. Tá a bá jẹun tán, a ó sọ ti iṣẹ́ ẹ. Ẹni tó lè jẹ́wọ́, mo lè bá a ṣiṣẹ́."

Jọláolúwa ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ti bá a dáhùn.